Èéfín Àpápá ń di ajílẹ̀ lójú ọ̀sà: Ta ni yóò san gbèsè ẹja Ajégúnlẹ̀?

Láti ọwọ́ akọ̀ròyìn ètò ọrọ̀-ajé wa

Àwọn tó sọ Ajégúnlẹ̀ lórúkọ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ajé ló gúnlẹ̀ síbẹ̀. Ojú omi sì ni ọ̀pọ̀ nínú ajé ọ̀hún ti ń gúnlẹ̀: ẹja, edé, akàn, àti ẹrù tí ọkọ̀ ojú omi ń já sí Àpápá tó wà nítòsí. Ìlàjẹ, Ìjọ̀, Ẹ̀gùn, Ùròbò, Ìgbò àti Yorùbá, kò sí ẹ̀yà tí ẹ kò ní bá ládùúgbò náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ń jẹun lára omi tàbí lára wáfù. Àmọ́ ọ̀nà oúnjẹ kan ti ń ba èkejì jẹ́ báyìí. Ohun tí wáfù ń tú sókè lójoojúmọ́ ń padà bọ̀ sínú omi tí apẹja ń da àwọ̀n sí, bẹ́ẹ̀ ni oníṣòwò kankan kò kọ ọ́ sínú ìwé ìṣirò owó rẹ̀.

Kì í ṣe èéfín dúdú tí ń ba aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn jẹ́ là ń sọ. Ìyẹn, gbogbo ará Àpápá ló mọ̀ ọ́n. Ohun tí ojú kò rí nínú èéfín náà ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lónìí. Náítírójìn lorúkọ rẹ̀. Bó bá wà nínú àpò, àgbẹ̀ ń fi owó gọbọi rà á. Bó bá já sínú omi, ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ ọ̀hún ni apẹja ń san owó rẹ̀.

Ajílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò rà

Bí a bá pín afẹ́fẹ́ tí à ń mí sí ọ̀nà ọgọ́rùn-ún, nǹkan bí ọ̀nà 78 ló jẹ́ náítírójìn. Bó ṣe wà nínú afẹ́fẹ́ yẹn, kò pa ẹnikẹ́ni lára, ọ̀pọ̀ ewéko kò sì lè jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Àfi kí nǹkan kan kọ́kọ́ já a kúrò lára ara rẹ̀, kó sì so ó mọ́ nǹkan mìíràn. Mànàmáná ń ṣe iṣẹ́ yìí nígbà òjò. Àwọn kòkòrò kéékèèké tó wà lára gbòǹgbò ẹ̀wà ń ṣe é pẹ̀lú. Ó sì ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ọmọ aráyé ti mọ ọ̀nà àtiṣe é ní iléeṣẹ́ ńlá.

Iṣẹ́ tí iléeṣẹ́ ajílẹ̀ Dangote ní Lẹ́kì, tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹta ọdún 2022, ń ṣe gan-an nìyẹn. Gáàsì ni wọ́n ń lò láti sọ náítírójìn inú afẹ́fẹ́ di yùríà, wọ́n sì kọ́ iléeṣẹ́ náà kó lè máa ṣe tọ́ọ̀nù mílíọ̀nù mẹ́ta lọ́dún. Nínú àpò yùríà tó wọn kìlógíráàmù 50, kìlógíráàmù 23 ni náítírójìn.

Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ńlá náà ń ṣe irú iṣẹ́ yìí láìmọ̀. Nígbà tí díísù bá ń jó nínú rẹ̀, ooru á pọ̀ débi pé náítírójìn àti ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ á lẹ̀ pọ̀, wọ́n á sì bá èéfín jáde. Bí wọ́n bá dé òkè, wọ́n á yí padà di ásíìdì. Òjò lè fọ ásíìdì náà wálẹ̀, ó sì lè lẹ̀ mọ́ eruku kó rọra balẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ààtàn, ṣáláńgá àti ìgbẹ́ ẹran náà ní tiwọn. Òórùn tó máa ń ta èèyàn nímú níbi tí ìtọ̀ bá ti pẹ́, tí wọ́n ń pè ní àmóníà, náítírójìn ló wà nínú òun náà, ó sì ń gòkè lọ bá ti inú èéfín. Àwọn àgbà sọ pé bó pẹ́ bó yá, ohun tó lọ sókè á padà wálẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ náítírójìn ṣe rí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí oníṣòwò. Bí ọkọ̀ ńlá tí kò ní ẹ̀rọ tí ń sẹ́ èéfín bá jó kìlógíráàmù díísù kan, ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù ń lò fi hàn pé ó ń tú nǹkan bíi gíráàmù 30 sí 35 irú afẹ́fẹ́ alásíìdì yìí jáde. Tí a bá yọ náítírójìn inú rẹ̀ nìkan sọ́tọ̀, nǹkan bíi lítà díísù 2,500 sí 3,000 ni yóò tú náítírójìn tó wà nínú àpò yùríà kan sójú ọ̀run. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń já sínú ọ̀sà. Òmíràn ń bọ́ sórí òrùlé, òmíràn sórí títì, òmíràn ń bá atẹ́gùn lọ jìnnà. Ṣùgbọ́n òjò ń gbá ti orí òrùlé àti ti orí títì sínú gọ́tà, gọ́tà Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ kò sì ní ibòmíràn tó ń lọ ju inú omi lọ.

Wáfù, tírélà àti jẹnẹrétọ̀

Kí ló dé tó fi jẹ́ Àpápá là ń tọ́ka sí? Ìdí ni pé ibẹ̀ ni díísù ti ń jó pọ̀ lójú kan. Nígbà tí owó epo rọ̀bì dé láàárín ọdún 1970 sí 1980, ọkọ̀ ojú omi pọ̀ ní Àpápá débi pé ọkọ̀ sìmẹ́ńtì tò lọ bẹẹrẹ lójú òkun ní ọdún 1975. Ìyẹn wà lára ohun tó mú kí ìjọba kọ́ èbúté Tin Can, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1977. Ní ọdún 2006, ìjọba gbé iṣẹ́ inú èbúté fún àwọn iléeṣẹ́ aládàáni. Ọjà tí ń wọlé pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà tí ń kó o jáde kò gbòòrò tó o.

Ohun tó tẹ̀lé e kò ṣẹ̀yìn ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Mile 2 tàbí Wharf Road kọjá nígbà náà. Tírélà tò sórí afárá, tańkà tò sójú ọ̀nà, awakọ̀ ń sùn sábẹ́ ọkọ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan kó tó wọ èbúté. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2019, Ààrẹ gbé ìgbìmọ̀ kan dìde láti tú ojú ọ̀nà náà. Ní ọjọ́ 27, oṣù kejì, ọdún 2021, àjọ tó ń bójú tó èbúté, NPA, bẹ̀rẹ̀ ètò Ẹ̀tọ́, èyí tí ń pe tírélà wọlé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí kálukú dúró sí gáréèjì títí ìgbà tó bá kàn án. Ní oṣù kìíní ọdún 2023 ni wọ́n ṣí èbúté ńlá ti Lẹ́kì láti pín ẹrù náà.

Kì í ṣe tírélà nìkan. Ọkọ̀ ojú omi tó bá so mọ́ èbúté kì í pa gbogbo ẹ́ńjìnnì rẹ̀, nítorí iná tó ń lò nínú ọkọ̀ àti ẹ̀rọ tó ń mú ẹrù tutù. Ilé ìkẹ́rù, báńkì àti ṣọ́ọ̀bù ní jẹnẹrétọ̀ tiwọn nítorí iná ìjọba tí kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé. A kò ní í purọ́, ààrò tí àwọn ìyá wa fi ń yan ẹja náà ń rú èéfín, bẹ́ẹ̀ ni ààtàn tí àwọn kan ń dáná sun lẹ́yìnkùlé. Gbogbo wa la ní ọwọ́ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ kò dọ́gba.

Ibi tí atẹ́gùn ń gbé e lọ

Ẹ wo bí ilẹ̀ Èkó ṣe rí. Gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn ọ̀sà ni Àpápá àti Tin Can wà. Ní ọ̀pọ̀ oṣù lọ́dún, atẹ́gùn inú òkun ló ń fẹ́ láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn wọ ìgboro. Èéfín Àpápá á bá a gba orí Ìjọra àti Èbúté-Mẹ́ta, á kọjá lórí Màkòko, á sì bọ́ sójú ọ̀sà. Ti Tin Can àti Kírìkírì á kọ́kọ́ ki Ajégúnlẹ̀ kí ó tó lọ. Nígbà ọyẹ́, atẹ́gùn á yí padà. Á máa ti àríwá bọ̀, á kó eruku aṣálẹ̀ àti èéfín igbó jíjó dání, á sì gbé tiwa náà mọ́ ọn lọ sójú òkun. Ìgbà òjò ni o, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni o, omi kò bọ́ nínú rẹ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀ omi

Ajílẹ̀ kò mọ ìyàtọ̀ láàárín oko àti odò. Ibi tó bá bọ́ sí, ewéko ibẹ̀ á gbà á jẹ. Nínú omi oníyọ̀ àti omi etíkun, náítírójìn ló sábà máa ń wọ́n, òun ló ń dí ewé inú omi lọ́wọ́ kó má lè pọ̀ jù. Bí náítírójìn bá wá pọ̀, ewé wínníwínní tí ojú lásán kò lè rí á máa bí sí i láìdáwọ́dúró, omi á sì di àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ pupa. Wọn kì í pẹ́ kí wọ́n tó kú. Bí wọ́n bá kú, wọ́n á rì sísàlẹ̀, wọ́n á máa jẹrà, ìjẹrà ọ̀hún á sì fa ọ́síjìn inú omi tán. Ẹja tó lágbára á sá kúrò. Akàn, edé àti ọmọ ẹja tí kò lè sá á kú síbẹ̀.

Ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní omi òkú nìyẹn. Ní ọdún 2008, àwọn onímọ̀ méjì, Robert Diaz ará Amẹ́ríkà àti Rutger Rosenberg ará Sweden, ka irú ibẹ̀ káàkiri ayé. Wọ́n rí èyí tó lé ní 400, tó gbà tó ìwọ̀n ìbú kìlómítà 245,000 níbùú lóròó.

Lọ́dọ̀ tiwa, Ọ̀jọ̀gbọ́n D. I. Nwankwo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Èkó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí lórí ewé wínníwínní inú ọ̀sà, bó ṣe ń pọ̀ àti bó ṣe ń dín kù bí iyọ̀ inú omi bá ṣe rí. Èyí tí gbogbo apẹja mọ̀ dáadáa ni koríko tí ń léfòó, wọ́tà háyásíǹtì. Láti ilẹ̀ Benin ló ti gba odò Badagry wọ Nàìjíríà ní ọdún 1984. Bí omi òjò láti odò Ògùn àti àwọn odò mìíràn bá ti lé iyọ̀ jìnnà, koríko náà á tàn kálẹ̀. Á lọ́ mọ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, á ya àwọ̀n, á dí ojú omi pa. Bí iyọ̀ bá padà dé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ló tó ń kú. Náítírójìn kọ́ ló gbé e wá, àmọ́ oúnjẹ ni fún un. Ẹni tó bá ń fún àlejò tí kò fẹ́ ní oúnjẹ kò gbọ́dọ̀ yà á lẹ́nu pé àlejò kò lọ.

Òdodo ọ̀rọ̀ ni pé èéfín nìkan kọ́ ló ń ba omi Èkó jẹ́. Ìgbọ̀nsẹ̀ tí kò gba ibi kankan tí wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀ kọjá, omi iléeṣẹ́, ìdọ̀tí inú gọ́tà àti lẹ́búlẹ́bú pákó láti Òkóbàbá wà níbẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni tańkà ìgbọ̀nsẹ̀ fi ń da ẹrù sínú ọ̀sà ní Íddò. Àwọn wọ̀nyí ni ojú ń rí, àwọn sì ni a máa ń bínú sí. Ti ojú ọ̀run ń wá lábẹ́ àṣírí, ó sì ń kún tilẹ̀. Bí a bá gbẹ́ gọ́tà tán, tí a kọ́ ilé ìtọ́jú ìgbọ̀nsẹ̀ tán, tí a kò ka ti òkè mọ́ ọn, ìṣirò wa kò ní í pé.

Ta ni ń san owó rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ ọjà wá dé. Ìṣirò ìjọba àpapọ̀ ti fi hàn láti ọdún díẹ̀ sẹ́yìn pé ẹja tí Nàìjíríà nílò lọ́dún tó nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta àbọ̀ tọ́ọ̀nù, nígbà tí èyí tí à ń pa àti èyí tí à ń sìn nílé kò ju mílíọ̀nù kan lé díẹ̀ lọ. Òkèèrè la ti ń kó ọ̀pọ̀ nínú ìyókù, èbúté Àpápá yìí náà ló sì ń gbà wọlé nínú yìnyín. Wọ́n ń fi dọ́là ra ẹja láti òkèèrè, kí wọ́n tó kó o kọjá lórí omi tí ẹja tirẹ̀ ń dín kù.

Apẹja tí omi ìtòsí kò fún ní ẹja mọ́ ní ọ̀nà méjì péré: kó fi iṣẹ́ sílẹ̀, tàbí kó tu ọkọ̀ lọ sí ibi tó jìnnà. Ọ̀nà jíjìn sì ń jẹ epo. Títí di oṣù karùn-ún ọdún 2023, lítà epo bẹntiróòlù kò tó náírà 200 ní Èkó. Lẹ́yìn tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ọjọ́ 29 oṣù náà, ó di náírà 488 láàárín ọjọ́ mélòó kan, kò sì tíì padà sí iye àtijọ́ láti ìgbà náà. Apẹja tó ń lo ogún lítà nítòsí, tó wá di ogójì lítà nítorí ọ̀nà jíjìn, ìlọ́po méjì epo ló rà ní owó tó ju ìlọ́po méjì lọ. Bó bá dé èbúté, ó ní láti gbé e lé orí ẹja. Ìyá tó ń yan ẹ̀pìyà àti ọ̀bọ̀kún á gbé e lé ti oníbàárà. Oníbàárà tí kò lówó á dín iye ẹja inú ọbẹ̀ kù. Bí èéfín wáfù ṣe ń dé inú ìkòkò ọbẹ̀ nìyẹn, láìsí ẹni tó mọ̀ pé òun ń san owó wáfù.

Ìlera náà wà níbẹ̀. Ìwádìí Báńkì Àgbáyé fi hàn pé ní ọdún 2018 nìkan, afẹ́fẹ́ ìdọ̀tí ṣekú pa èèyàn bí 11,200 láìtọ́jọ́ ní Èkó, àti pé àdánù rẹ̀ tó bílíọ̀nù 2.1 dọ́là. Ohun tó wọ ẹ̀dọ̀fóró àti ohun tó bọ́ sínú omi, ẹnu ẹ́ńjìnnì kan náà ni wọ́n ti jáde. Owó tí a bá ná láti dín ọ̀kan kù ń dín èkejì kù.

Bí àwọn mìíràn ṣe ṣe é

Ní Amẹ́ríkà, nígbà tí wọ́n ń wá ohun tó ń pa akàn àti ẹja inú omi Chesapeake, wọ́n rí i pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta náítírójìn tó ń wọ ibẹ̀ ló ń ti ojú ọ̀run bọ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2010, ìjọba wọn fi òté lé iye tó gbọ́dọ̀ máa já bọ́ sórí omi náà tààrà, ó jẹ́ nǹkan bíi 7,100 tọ́ọ̀nù lọ́dún. Wọ́n ka ojú ọ̀run mọ́ gọ́tà.

Èyí tó jọ tiwa jù ni Tampa, ní Florida. Ìlú èbúté ni, òwò ajílẹ̀ gan-an sì wà lára ohun tó sọ èbúté wọn di ńlá. Ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, omi wọn ti di àwọ̀ ewé, koríko ìsàlẹ̀ omi tí ọmọ ẹja ń sá pamọ́ sí ti ń parẹ́. Ní ọdún 1996, iléeṣẹ́ aládàáni àti ìjọba ìbílẹ̀ jókòó pọ̀ sínú ẹgbẹ́ kan, wọ́n pín ojúṣe náítírójìn láàárín ara wọn. Wọ́n tún ìgbọ̀nsẹ̀ ṣe. Iléeṣẹ́ iná mànàmáná wọn pa ibùdó tó ń jó èédú, ó sọ ọ́ di ti gáàsì. Nígbà tó di ọdún 2014, koríko náà ti padà dé 40,000 éékà ó lé, ó ju èyí tí wọ́n fojú sùn lọ. Láti ọdún 2016, ó tún ti dín kù, èyí tó fi hàn pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í parí. Síbẹ̀, wọ́n fi hàn pé èbúté àti ẹja lè jọ jẹun.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n

Oníṣòwò kì í ta ohun tí kò wọ̀n. Láti nǹkan bí ọdún 1995 ni àwọn onímọ̀ ti ń gbe omi òjò àti afẹ́fẹ́ ní àwọn ibùdó bíi Lamto ní Côte d'Ivoire, Banizoumbou ní Niger àti Djougou ní Benin, láti mọ iye náítírójìn tó ń rọ̀ sílẹ̀. Kò sí ọ̀kankan nínú ibùdó wọn ní Nàìjíríà. Kì í ṣe pé a kò lè ṣe é. Ní ọdún 2016, nígbà tí àwọn onímọ̀ láti Yúróòpù àti ilẹ̀ Áfíríkà wá yẹ ojú ọ̀run etíkun wa wò, Ilé-Ifẹ̀ àti ìlú Ṣábẹ̀ẹ́ ní Benin wà lára ibi tí wọ́n gbé ẹ̀rọ sí. Bí Ifẹ̀ bá gbà á, Àpápá náà á gbà á. Àjọ NIOMR tó ń ṣe ìwádìí òkun wà ní Èkó, LASEPA wà, Yunifásítì Èkó wà létí ọ̀sà. Àgbá òjò àti ìwé àkọsílẹ̀ kò ní í wọ́n àwọn iléeṣẹ́ inú èbúté.

Àwọn ohun tó lè dín in kù kò ṣàjèjì. Ojú irin Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹfà ọdún 2021, ní ẹ̀ka tó wọ èbúté Àpápá. Kọ̀ǹténà tó bá bá reluwé lọ kò nílò tírélà títí dé Ìbàdàn. Ètò Ẹ̀tọ́, bí wọ́n bá tẹ̀ lé e láìsí màgòmágó, ń dín ẹ́ńjìnnì tí ń jó lórí ìdúró kù. Ní èbúté Los Angeles, láti ọdún 2004 ni wọ́n ti ń na wáyà iná sí ọkọ̀ tó bá gúnlẹ̀, kó lè pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Tiwa á dúró de ìgbà tí iná bá dúró, ṣùgbọ́n a lè kọ ọ́ sínú àdéhùn láti ìsinsìnyí. Ilé ìtọ́jú ìgbọ̀nsẹ̀ kò ṣeé fò dá rárá.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ó yẹ kí ẹgbẹ́ apẹja àti ẹgbẹ́ àwọn ìyá ẹlẹ́ja ní àga nínú ìpàdé tí NPA, àwọn aláṣẹ èbúté aládàáni àti ẹgbẹ́ onítírélà ń ṣe. Títí di báyìí, ọ̀rọ̀ èbúté jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹni tó ní ẹrù àti ẹni tó ní ọkọ̀. Ẹni tó ní àwọ̀n náà ní owó nínú rẹ̀.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí, bẹ́ẹ̀ alákàn fúnra rẹ̀ kò lè rí ohun tí ń rọ̀ sí i lórí láti ojú ọ̀run. Àwa tí a lè rí i ló yẹ ká wò ó. Bí ajé bá gúnlẹ̀ sí wáfù tí kò gúnlẹ̀ sí etí omi mọ́, ìdajì orúkọ Ajégúnlẹ̀ ti bọ́ sómi nìyẹn.